Àwòrán Àwọn Gbajúmọ̀ Orí Tẹlifíṣọ̀n: Aṣọ Ni À Ń Tà, Àbí Ẹ̀tàn?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe àjèjì lẹ́nu yín. Ṣùgbọ́n ó hàn sí mi pé a kò tíì sọ ọ́ bí ó ti yẹ kí á sọ ọ́, nítorí pé ẹnì kan ṣoṣo ni a máa ń bá wí, bẹ́ẹ̀ àwọn tí ó jẹ̀bi pọ̀.

Bí ènìyàn bá gba Ìdúmọ̀tà wọ Balógun, kí ó tó rí ojú ẹni tí ń ta aṣọ ni yóò ti rí ojú òṣèré. Àwòrán àwọn tí à ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n ni ó wà ní iwájú ìsọ̀, òun náà ni ó wà lára ọ̀rá tí wọ́n fi di léèsì, òun náà sì ni oníbàárà ń fi hàn nínú fóònù rẹ̀ pé, "Irú èyí gan-an ni mo fẹ́." Bí ẹ bá wọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ṣàṣà ni ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tí ẹ óò dé tí ẹ kò ní bá irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lára ògiri. Bí ọmọbìnrin bá fẹ́ ṣe nìkáì, bí ìyá àgbà bá ti Mẹ́kà dé, bí ọmọ kéékèèké bá fẹ́ ṣe wòlímọ̀, àwòrán gbajúmọ̀ kan ni wọn yóò kọ́kọ́ gbé jáde kí wọ́n tó gbé owó jáde.

Àwọn àgbà kan ní mọ́ṣáláṣí wa gbà pé kí á fi wáàsí lé àwọn obìnrin òṣèré náà, kí ọ̀rọ̀ sì tán. Èrò tèmi yàtọ̀. Mo gbà pé àwòrán náà dà bí ọjà tí ó ti ọwọ́ dé ọwọ́. Ẹni tí ó yà á, ẹni tí ó fi ta ọjà, àti ẹni tí ó ń wò ó, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọn yóò jíhìn pẹ̀lú ẹni tí a yà sínú rẹ̀.

BÍ Ó TI RÍ TẸ́LẸ̀

Àwòrán àwọn ará tẹlifíṣọ̀n kì í ṣe ohun àná. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní Ìbàdàn, ó sì di ọdún 1962 kí Ìjọba Àpapọ̀ tó ṣí tirẹ̀ ní Èkó. Ní ọdún 1961, ayàwòrán kan tí ń jẹ́ J. D. 'Okhai Ojeikere wọ iṣẹ́ ní ilé tẹlifíṣọ̀n ti Ìbàdàn. Ní ọdún 1963 ó wá sí Èkó láti máa ya àwòrán fún ilé iṣẹ́ apolówó ọjà. Láti ọdún 1968 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán irun dídì àwọn obìnrin wa, títí ó fi ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan kí ó tó di olóògbé ní ọdún 2014.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí nínú iṣẹ́ ọkùnrin náà ni pé ẹ̀yìn orí ni ó sábà máa ń yà. Iṣẹ́ ọwọ́ onídìrí ni ó fẹ́ kí á rí. Mo mọ̀ pé àwọn ààfáà yóò sọ pé irun obìnrin kì í ṣe ohun tí à ń fi han ìta, n kò sì bá wọn jiyàn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìwọ̀n wà nínú iṣẹ́ náà: ohun tí ó wà níbẹ̀ ni ó yà, kò sì fi ara ènìyàn ṣe àtẹ.

Ẹ tún rántí Mose Ọláìyá, tí gbogbo wa mọ̀ sí Bàbá Sàlá, ẹni tí ó kú ní ọdún 2018. Nígbà tí ó ń ṣeré lórí tẹlifíṣọ̀n, táì labalábá gàgàrà ni ó máa ń dè mọ́rùn, awò ojú ràgàjì ni ó máa ń lò. Gbogbo ilé ni wọ́n mọ àwòrán rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ rí pé ẹnì kan gbé àwòrán Bàbá Sàlá tọ télọ̀ lọ pé kí ó rán irú rẹ̀ fún òun láti wọ̀ lọ sí Yídì. A mọ̀ pé aṣọ eré ni. Ẹ̀rín ni a fi wò ó, a sì lọ sùn.

Lónìí, aṣọ eré kò yàtọ̀ sí aṣọ òde mọ́ lójú wa. Ẹ wo ayẹyẹ ìfúnni-lẹ́bùn tí wọ́n ń pè ní Africa Magic Viewers' Choice Awards, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó níhìn-ín ní ọdún 2013. Ẹ̀bùn ni wọ́n tìtorí rẹ̀ pé jọ, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, ẹni tí ó gba ẹ̀bùn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń sọ. Aṣọ ni. Ta ni ó wọ èyí tí ó gùn jù, ta ni ó wọ èyí tí ara hàn nínú rẹ̀ jù? Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń tì mọ́lé fún eré Big Brother láti ọdún 2017 tí ó ti padà dé. Ẹni tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni yóò jáde, tí wọn yóò sì ti fi ojú rẹ̀ polówó aṣọ, ìpara àti wíìgì kí ó tó délé.

BÍ WỌ́N TI Ń ṢE ÀWÒRÁN NÁÀ

Ó yẹ kí ẹ̀yin tí ẹ ń rajà mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn àwòrán kan. Òṣèré tí ẹ rí nínú àwòrán lè máà ra aṣọ náà rárá. Ẹni tí ó rán an ni ó yá a wọ̀ fún ọjọ́ kan, kí ó lè fi polówó iṣẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan wé gèlè fún un, ẹnì kan kun ojú rẹ̀, ẹnì kan ṣètò bí yóò ti dúró, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ ká aṣọ mọ́ ọn lẹ́yìn níbi tí ojú kò dé. Ayàwòrán yà á títí ilẹ̀ fi ṣú, ó mú ẹyọ kan nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹni tí ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà yóò wá fá ìbàdí, yóò gé apá, yóò bó àwọ̀ ara di pupa, yóò sì nu gbogbo àbàwọ́n ojú kúrò.

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé aṣọ à-yá-wọ̀ kì í yẹ ni. Ṣùgbọ́n nínú irú àwòrán yìí, wọ́n yá aṣọ, wọ́n sì yá ara pẹ̀lú. Ọmọbìnrin Ìta Fájì tí ó bá fẹ́ rí bẹ́ẹ̀ yóò fi ebi pa ara rẹ̀, yóò fi ìpara bó ara rẹ̀, kò sì ní dà bẹ́ẹ̀ láéláé, nítorí ẹni tí ó wà nínú àwòrán gan-an kò dà bẹ́ẹ̀.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ní ilẹ̀ Faransé, láti oṣù Kẹwàá ọdún 2017, bí wọ́n bá fi kọ̀ǹpútà sọ aṣoge di tín-ín-rín tàbí kí wọ́n mú un sanra nínú àwòrán ìpolówó, dandan ni kí wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé a ti tún un ṣe. Norway náà ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2021, ó sì fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 2022. Àwọn wọ̀nyí kò pe ara wọn ní ìjọba Mùsùlùmí o. Wọ́n kàn rí i pé irọ́ tí a fi ojú rí burú ju irọ́ tí a fi etí gbọ́ lọ ni.

Ọ̀RÀN ONÍṢÒWÒ

Ẹ̀yin oníṣòwò, yín ni ọ̀rọ̀ kàn báyìí. Gbogbo wa ni a ti gbọ́ ìtàn Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, nígbà tí ó kọjá nínú ọjà, tí ó ki ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ tí ọkùnrin kan ń tà, tí ó sì bá omi nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọkùnrin náà ní òjò ni ó pa á. Ànábì bi í pé kí ló dé tí kò kó èyí tí ó tutù sókè kí gbogbo ènìyàn lè rí i, ó sì fi yé wa pé ẹni tí ó bá ń rẹ́ni jẹ kì í ṣe ara wa.

Njẹ́ kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrín oúnjẹ gbígbẹ tí a kó bo èyí tí ó tutù, àti àwòrán òṣèré tí a lẹ̀ mọ́ aṣọ tí òṣèré náà kò wọ̀ rí? Oríṣi irọ́ mẹ́ta ni mo ti rí lórí àtẹ wa. Èkíní, aṣọ tí ó wà nínú àwòrán ni ojúlówó, èyí tí ó wà nínú ọ̀rá jẹ́ fàyàwọ́ tí wọ́n fara wé e. Èkejì, aṣọ náà ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi iná àti kọ̀ǹpútà pa àwọ̀ rẹ̀ dà, tó fi jẹ́ pé bí oníbàárà bá dé ilé, àwọ̀ mìíràn ni yóò bá. Ẹ̀kẹta, òṣèré tí ojú rẹ̀ wà níbẹ̀ kò mọ̀ pé wọ́n ń fi ojú òun tajà. Kò gba kọ́bọ̀, kò fọwọ́ sí i, ẹnì kan kàn yọ àwòrán rẹ̀ láti inú fóònù ni.

Ẹ kíyè sí ẹ̀kẹta yìí dáadáa. Àwa tí à ń sọ pé òṣèré náà kò ní ìtìjú ni a tún ń jí ojú rẹ̀ lò láti fi jẹun. Ẹni tí ó bá fẹ́ bú ẹran kò gbọdọ̀ máa lá ọbẹ̀ rẹ̀.

Òfin ìjọba wa náà lòdì sí i. Òfin ọdún 2018 tí ó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà kò gba kí oníṣòwò fi ohun tí kì í ṣe òtítọ́ polówó ọjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí òfin tó dé, àbámọ̀ ti dé. Oníbàárà tí a tàn jẹ ní Balógun kì í dákẹ́. Télọ̀ ni yóò kọ́kọ́ bá jà, pé kò rán an bí ti inú àwòrán. Télọ̀ yóò ní aṣọ náà kò ní ara. Ìjà yóò padà sí ìsọ̀ yín. Bí irọ́ bá sì lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ gbèsè pẹ̀lú. Àwọn ẹgbẹ́ àsàlátù wa, tí ó jẹ́ pé ìrántí Ọlọ́run ni a torí rẹ̀ dá wọn sílẹ̀, òmíràn nínú wọn ti di ẹgbẹ́ aṣọ ẹbí. Àwọn aṣáájú yóò rí léèsì lára gbajúmọ̀ kan, wọn yóò ní irú rẹ̀ ni gbogbo ẹgbẹ́ máa wọ̀. Ìyá tí ń ta ata ní Òkè Àrín kò ní lè sọ pé agbára òun kò ká a. Owó èsúsú tí ó yẹ kí ó fi kún ọjà ni yóò fi ra léèsì, aṣọ ọjọ́ kan. Àwọn bàbá wa ní, "Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n." Ẹni tí a yá ní aṣọ kò jẹ gbèsè kankan. Ìwọ tí ò ń wò ó ni o jẹ ẹ́.

OBÌNRIN MÉJÌ NÍ OṢÙ KAN

Mo fẹ́ mú ọ̀rọ̀ obìnrin Mùsùlùmí méjì wá, tí ọ̀rọ̀ àwòrán wọn ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020 kan náà.

Èkíní ni Rahama Sadau, òṣèré fíìmù èdè Hausa, ọmọ Kàdúná. Ó gbé àwòrán ara rẹ̀ jáde nínú aṣọ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ẹnì kan wá kọ ọ̀rọ̀ àbùkù sí Ànábì wa sí abẹ́ àwòrán náà. Ariwo ta ní gbogbo Òkè Ọya, obìnrin náà mú àwòrán rẹ̀ kúrò, ó sì fi omijé bẹ gbogbo ayé. N kò sọ pé aṣọ náà dára fún ọmọ Mùsùlùmí láti wọ̀ jáde. Kò dára. Ṣùgbọ́n ẹnu tí ó bú Ànábì kì í ṣe ẹnu rẹ̀. Ẹni tí ó dẹ́ṣẹ̀ aṣọ ni a fẹ́ fi jẹ ìyà ẹ̀ṣẹ̀ ẹnu. Bí a bá ń fi ìbínú ṣe ìdájọ́ báyìí, a ó lé àwọn ọmọ wa jìnnà sí mọ́ṣáláṣí ni, a kò ní fà wọ́n mọ́ra.

Èkejì ni Halima Aden, ọmọ Sòmálíà tí a bí sí ibùdó àwọn asásálà ní Kakuma ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, tí ó sì dàgbà ní Amẹ́ríkà. Òun ni aṣoge tí ó kọ́kọ́ fi híjáàbù hàn lójú ìwé iwájú Vogue ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2018. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ni inú wọn dùn. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020 ni ó kéde pé òun kò rin ìrìn aṣoge mọ́. Ó ṣàlàyé pé díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fa híjáàbù òun sẹ́yìn, títí tí kò fi jọ híjáàbù mọ́. Ìgbà kan tilẹ̀ wà tí wọ́n fi ṣòkòtò jíǹsì bo orí rẹ̀ ní ipò híjáàbù. Ó ní ohun tí ó fà á ni pé àwọn obìnrin Mùsùlùmí kò sí lára àwọn tí ń ṣètò ìmúra níbi iṣẹ́ náà.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú èyí ni pé a lè bo ara obìnrin kí á sì tún yí i padà. Ti Sadau, aṣọ kò tó. Ti Halima, aṣọ wà, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ ni wọ́n bọ́ kúrò. Nítorí náà, ẹni tí ó ń fi rúlà wọn aṣọ nìkan kò tíì rí ìdajì ọ̀rọ̀ náà.

HÍJÁÀBÙ KÌ Í ṢE ỌṢỌ́

Èyí ni ó mú mi dé ohun tí ó ń dùn mí jù. Bí oṣù Ràmàdáánì bá ti lé, àwọn gbajúmọ̀ wa yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwòrán jáde nínú híjáàbù tí ó ń dán, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, Àlùkùránì ní ṣíṣí lórí itan, ètè ní kíkùn, ojú sì ń wo ibòmíràn. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ Mùsùlùmí olóòótọ́ tí ń gba ààwẹ̀, n kò sì lè mọ ohun tí ó wà lọ́kàn ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n bí orúkọ ẹni tí ó ta aṣọ bá wà nísàlẹ̀ Àlùkùránì nínú àwòrán, tí orúkọ ẹni tí ó kun ojú tẹ̀ lé e, ìpolówó ọjà ni, Ìwé mímọ́ sì ti di àga tí wọ́n gbé ọjà lé.

Ẹ jẹ́ kí á rántí ohun tí híjáàbù ná wa ní Èkó níhìn-ín. Ọdún púpọ̀ ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí fi wà ní ilé ẹjọ́ pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀ kí àwọn ọmọbìnrin lè máa wọ̀ ọ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, títí ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ fi dá wọn láre ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 2022. Àwọn ọmọ kéékèèké ni ó fara da èébú àti ìlékúrò nítorí rẹ̀. Ohun tí a ja irú ìjà bẹ́ẹ̀ fún kò yẹ kí ó di ohun tí à ń so mọ́rí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ayàwòrán tó pa iná.

Ẹ̀YIN ỌKÙNRIN ŃKỌ́?

Ọ̀pọ̀ wáàsí tí mo ń gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, obìnrin ni ó ń bẹ̀rẹ̀ tí ó sì ń parí sí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣí Súrà An-Nuur, ẹ ó rí i pé àwọn ọkùnrin ni Ọlọ́run kọ́kọ́ pàṣẹ fún ní ẹsẹ 30 pé kí wọ́n rẹ ojú wọn sílẹ̀, kí ó tó kan àwọn obìnrin ní ẹsẹ 31. Ọ̀nà wo ni àwòrán tí a ní kò dára fi ń kárí ìlú? Àwa ọkùnrin ni a ń fi í ránṣẹ́ sí ara wa, tí a ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ wo ohun tí ayé dà!" Ẹni tí ó ń gbé ohun èérí kiri láti fi han gbogbo ènìyàn pé ó ń rùn, ọwọ́ òun náà ti rùn.

Àwọn kan yóò sọ pé iṣẹ́ òòjọ́ ni, kí á fi àwọn òṣèré sílẹ̀ kí wọ́n jẹun. Òótọ́ ni pé iṣẹ́ ni, kò sì sí ẹni tí ó yẹ kí ó dí oúnjẹ ẹni lọ́wọ́. Àwọn mìíràn yóò sọ pé àwòrán yíyà pátápátá kò dára, kí á má tilẹ̀ dá sí i. Àwọn onímọ̀ wa kò tíì fi ẹnu kò lórí èyí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń sọ ọ́ ya fótò ìwé ìrìnnà kí wọ́n tó lọ sí Mẹ́kà. Ohun tí a lè fi ẹnu kò lé lórí ni pé irọ́ kò dára, olè kò dára, fífi ohun mímọ́ ṣeré kò sì dára. Mẹ́ta yìí tó wa í ṣe iṣẹ́ lé lórí.

OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ Á ṢE

Ẹ̀yin aláṣọ, ẹ yọ àwòrán òṣèré tí kò wọ aṣọ yín kúrò lójú ìsọ̀ yín. Ẹ ya àwòrán aṣọ yín gan-an ní ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kí ẹ sì jẹ́ kí oníbàárà fi ọwọ́ kan án. Bí ẹ bá fẹ́ lo ojú gbajúmọ̀, ẹ bá a dúnàádúrà, kí ẹ sanwó rẹ̀.

Ẹ̀yin télọ̀ àti ayàwòrán, ẹ sọ òtítọ́ fún oníbàárà kí ẹ tó gba owó ọwọ́ rẹ̀. Ẹ sọ ohun tí aṣọ lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin Mùsùlùmí tí ẹ mọ iṣẹ́ gèlè, ìmúra àti àwòrán, ẹ má sá fún iṣẹ́ náà. Bí irú yín bá wà níbẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ bo ara rẹ̀ yóò rí ẹni tí yóò gbè é lẹ́yìn.

Ẹ̀yin aṣáájú àsàlátù, aṣọ tí ẹni tí ó kéré jù nínú ẹgbẹ́ lè rà láì yáwó ni kí ẹ máa mú. Ẹ̀yin ààfáà, bí ẹ bá fẹ́ wáàsí lórí àwòrán, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ojú àwa ọkùnrin, kí ẹ sì kọjá sí orí òṣùwọ̀n oníṣòwò, kí ẹ tó dé orí aṣọ òṣèré. Ẹ̀yin gbajúmọ̀ tí ẹ jẹ́ ọmọ Mùsùlùmí, a kò kórìíra yín. Ọmọ wa ni yín. Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀: ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi Àlùkùránì ṣe ohun ọ̀ṣọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà purọ́ mọ́ ara tí Ọlọ́run fún yín.

Kí Ọlọ́run bùkún ọjà wa, kí ó bo àṣírí wa, kí ó sì jẹ́ kí ohun tí a fi han ènìyàn bá ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa mu. Àmín.